Ta Ni Ó Tẹ Ìlú Dó? Ẹ̀kọ́ Kan Láti Inú Ìgbésí Ayé Félix Houphouët-Boigny

Nínú ìtàn àwa Yorùbá, bí a bá bèèrè pé ta ni ó tẹ ìlú kan dó, ìdáhùn kì í pẹ́ dé. A ó dárúkọ ọdẹ kan tí ó lé ẹran dé ìdí igi ńlá, tàbí ọmọ ọba kan tí ó bínú kúrò ní ilé baba rẹ̀ tí ó sì pàgọ́ sí etí odò. Láti ọjọ́ náà ni ìlú ti bẹ̀rẹ̀. Láti ọjọ́ náà ni a ti mọ ẹni tí í ṣe onílẹ̀ àti ẹni tí í ṣe àlejò.

Ṣùgbọ́n àwọn ìlú ńlá tí wọ́n dìde ní etí òkun Áfríkà ní ayé ìjọba òyìnbó kò bẹ̀rẹ̀ báyẹn. Ọ̀nà reluwé, èbúté ọkọ̀ òkun, òfin àti owó ni ó bí wọn, òógùn àwọn ènìyàn láti ilẹ̀ púpọ̀ ni a sì fi mọ wọ́n. Ẹ̀yin tí ẹ ti Nàìjíríà wá lè rántí Ẹ̀bútẹ́ Mẹ́tà ní Èkó: nígbà tí a lé àwọn onígbàgbọ́ Ẹ̀gbá kúrò ní Abẹ́òkúta ní ọdún 1867, Gómìnà Glover ni ó fún wọn ní ilẹ̀ níbẹ̀. Ta ni kí a wá pè ní olùdásílẹ̀ ibẹ̀? Ṣé gómìnà tí ó pín ilẹ̀ ni, àbí àwọn tí wọ́n ru ẹrù wọn dé tí wọ́n sì kọ́lé?

Akẹ́kọ̀ọ́ nínú iṣẹ́ olùkọ́ ni èmi tí mo ń kọ ìwé yìí. Mo yan ìgbésí ayé Félix Houphouët-Boigny fún ẹ̀kọ́ wa nítorí ìdí méjì. Èkíní ni pé ọ̀rọ̀ ìlú títẹ̀dó àti ọ̀rọ̀ òṣèlú pàdé lára rẹ̀: ó di olórí ìgbìmọ̀ ìlú Abidjan, tí àwọn Faransé ń pè ní maire, ní ọdún 1956, ó sì sọ abúlé tí a bí i sí di olú-ìlú. Èkejì ni pé gbogbo wa pátá, a bá à ti Nàìjíríà wá, tàbí Bénin, tàbí Tógò, tàbí Burkina Faso, ni a ní ìpín nínú ìtàn rẹ̀, nítorí pé ọ̀rọ̀ àlejò kò kúrò ní ọ̀nà rẹ̀ títí ó fi kú. Ohun kan ṣoṣo ni mo fẹ́ kí a di mú nínú ẹ̀kọ́ yìí: ohun tí ọkùnrin yìí kọ sínú òfin dúró lẹ́yìn rẹ̀, ṣùgbọ́n ohun tí ó fi sí ẹnu àti ọwọ́ ara rẹ̀ nìkan, ó bá a lọ.

Ilẹ̀ tí a fi ọwọ́ dá

Koumassi Remblais ni mo ti ń ṣe ìdánrawò iṣẹ́ olùkọ́. Àdúgbò kan ni, ní Koumassi, ní ìhà gúúsù Abidjan. Ní èdè Faransé, «remblai» ni iyẹ̀pẹ̀ tàbí iyanrìn tí a kó dí kòtò tàbí àbàtà kí ilẹ̀ lè ga. Nítorí náà orúkọ àdúgbò yìí fúnra rẹ̀ jẹ́ ìtàn: a kọ́kọ́ ní láti dá ilẹ̀ kí a tó kọ́ ilé sórí rẹ̀. Koumassi wà ní erékùṣù Petit-Bassam pẹ̀lú Treichville àti Marcory, ọ̀sà sì yí wọn ká. Ọ̀pọ̀ ibẹ̀ ni ó rẹlẹ̀, tí omi sì máa ń dúró sí i nígbà òjò.

Ẹ jẹ́ kí a wo bí ènìyàn ṣe dé orí irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀. Àwọn Ébrié, tí wọ́n jẹ́ apẹja ní etí ọ̀sà, ni wọ́n ti ní abúlé ní àgbègbè Abidjan kí àwọn Faransé tó dé. Ní ọdún 1904 ni a bẹ̀rẹ̀ sí í la ọ̀nà reluwé láti Abidjan lọ sí òkè. Ní 1934, Abidjan gba ipò olú-ìlú lọ́wọ́ Bingerville. Ní 1950, a la ìyanrìn etí òkun já ní Vridi, ọkọ̀ òkun ńlá sì lè wọ inú ọ̀sà. Láti ìgbà náà ni iṣẹ́ ti pọ̀ ní èbúté àti ní àwọn ilé iṣẹ́, tí ènìyàn sì ń wọ́ wá láti ibi gbogbo. Treichville kún, ìlú sì ń tàn lọ sí ìlà-oòrùn erékùṣù náà títí ó fi gba Koumassi. Ilé iṣẹ́ SICOGI àti SOGEFIHA, tí ìjọba dá sílẹ̀ láti máa kọ́ ilé fún àwọn òṣìṣẹ́, kọ́ ilé sí Koumassi. Àwọn mìíràn sì fi ọwọ́ ara wọn kọ́ tiwọn. Ní oṣù kẹwàá ọdún 1980, òfin pín Abidjan sí ìjọba ìbílẹ̀ mẹ́wàá, Koumassi sì jẹ́ ọ̀kan nínú wọn. Nínú ìkànìyàn ọdún 2021, àwọn ará Koumassi ju 400,000 lọ.

Àwọn ènìyàn wa wà láàárín wọn. Èjìgbò ni ọ̀pọ̀ Yorùbá tí ó wà ní Abidjan ti wá, àwọn ará ilẹ̀ yìí sì ń pè wọ́n ní Anango. Ìrìn-àjò náà ti pẹ́ tó bẹ́ẹ̀ tí ó fi jẹ́ pé ní Èjìgbò fúnra rẹ̀ lónìí, ìwọ yóò gbọ́ èdè Faransé lẹ́nu àwọn ọlọ́jà.

Mo bi àwọn ọmọ kíláàsì mi pé, «Ta ni ó tẹ Koumassi dó?» Ọmọ kan dáhùn pé Houphouët ni. Èkejì ní rárá, àwọn Ébrié ni. Ẹ̀kẹta, tí bàbá rẹ̀ àgbà ti Èjìgbò wá, dìde ó sì wí pé bàbá àgbà òun ni, nítorí pé òun ni ó ń ra iyanrìn ní ọlọ́mọlanke lọ́pọ̀ ìgbà tí ó fi dí ojúlé wọn kí omi má baà wọ ilé. Àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n bí a bá wò ó dáadáa, àwọn ọmọ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ni wọ́n mú ẹyọ òtítọ́ kan lọ́wọ́. Ẹ jẹ́ kí a wá wo ìgbésí ayé ẹni tí ọmọ kìíní dárúkọ.

Ìbí àti ẹ̀kọ́ rẹ̀

Ìwé ìjọba fi hàn pé ọjọ́ 18 oṣù kẹwàá ọdún 1905 ni a bí Houphouët, nínú ẹ̀yà Baoulé, ní abúlé tí a wá mọ̀ sí Yamoussoukro. Ní èdè Baoulé, «kro» ni ìlú tàbí abúlé. Ìlú Yamousso ni ìtumọ̀ orúkọ náà, Yamousso sì jẹ́ obìnrin olórí kan nínú ìdílé rẹ̀. Ẹ ṣàkíyèsí pé orúkọ obìnrin ni ìlú náà ń jẹ́ títí di òní. Ìdílé olóyè ni a bí i sí. Ó kàwé ní Bingerville, lẹ́yìn náà ó lọ sí Senegal, ó sì jáde ní ilé ẹ̀kọ́ ìṣègùn ní Dakar ní ọdún 1925.

Oyè tí wọ́n fún un ni dókítà ọmọ Áfríkà. Iṣẹ́ dókítà ni ó ń ṣe, ṣùgbọ́n ipò rẹ̀ àti owó rẹ̀ kéré sí ti dókítà Faransé. Wọ́n gbé e káàkiri àwọn ìlú bí Guiglo, Abengourou àti Dimbokro. Níbẹ̀ ni ó ti rí ara àwọn àgbẹ̀, kì í ṣe àìsàn wọn nìkan, bí kò ṣe ohun tí ó ń fa àárẹ̀ wọn pẹ̀lú. Ní ọdún 1932, ó kọ̀wé sínú ìwé ìròyìn kan láìfi orúkọ ara rẹ̀ sí i, ó sì bu ẹnu àtẹ́ lu bí a ṣe ń ra kòkó lọ́wọ́ àwọn àgbẹ̀ ní owó ìrẹ́jẹ. Ní 1940, ó di olórí àgbègbè rẹ̀ lábẹ́ ìjọba Faransé. Òun fúnra rẹ̀ sì ní oko kòkó àti kọfí púpọ̀; àgbẹ̀ ọlọ́rọ̀ ni.

Iṣẹ́ túláàsì

Ó yẹ kí olùkọ́ ṣe àlàyé iṣẹ́ túláàsì fún àwọn ọmọ dáadáa, nítorí pé láìsí i, wọn kò ní mọ ohun tí ọkùnrin yìí ṣe. Ní ayé ìjọba Faransé, ọ̀gá àgbègbè lè ránṣẹ́ sí olórí abúlé pé kí ó kó ọkùnrin iye báyìí wá. Wọn yóò kó wọn lọ la ọ̀nà, lọ gbẹ́lẹ̀ fún reluwé, lọ gé igi nínú igbó, tàbí lọ ṣiṣẹ́ nínú oko àwọn òyìnbó. Owó iṣẹ́ náà kò tó nǹkan, ẹni tí ó bá sì sá, ẹ̀wọ̀n tàbí pàṣán ni. Láti ilẹ̀ Haute-Volta, tí a ń pè ní Burkina Faso lónìí, ni a ti kó ọ̀pọ̀ nínú wọn wá. Ní ọdún 1932, ìjọba Faransé tú ilẹ̀ náà ká, wọ́n sì so èyí tí ó pọ̀ jù nínú rẹ̀ mọ́ Côte d'Ivoire kí ọwọ́ wọn lè tó àwọn òṣìṣẹ́. Ọdún 1947 ni wọ́n tó dá a padà.

Àgbẹ̀ tí ó jẹ́ ọmọ Áfríkà jìyà lọ́nà méjì. Òṣìṣẹ́ tí ìjọba bá kó wá, oko òyìnbó ni ó ń lọ, kì í kan tirẹ̀. Òun alára sì lè wà nínú oko kòkó rẹ̀ lásìkò ìkórè, kí a wá mú un lọ sí oko ẹlòmíràn. Ní ọdún 1944, pẹ̀lú àwọn bí Joseph Anoma àti Gabriel Dadié, Houphouët dá ẹgbẹ́ àwọn àgbẹ̀ ọmọ Áfríkà sílẹ̀, Syndicat Agricole Africain. Gómìnà André Latrille kò dí wọn lọ́nà. Ẹgbẹ́ náà ṣèlérí pé àwọn kò ní lo túláàsì. Wọn yóò san owó gidi tàbí kí wọ́n pín èrè oko fún òṣìṣẹ́. Àwọn ènìyàn sì wá láìjẹ́ pé a fi okùn fà wọ́n. Èyí ni ó kọ́kọ́ fi hàn pé irọ́ ni ohun tí àwọn ọ̀gá ń wí, pé ọmọ Áfríkà kò ní ṣiṣẹ́ bí a kò bá lù ú.

Láti orí ẹgbẹ́ àgbẹ̀ ni wọ́n ti bọ́ sínú òṣèlú. Ní oṣù kẹjọ ọdún 1945, àwọn ènìyàn ẹgbẹ́ náà wọlé ìbò ìgbìmọ̀ ìlú Abidjan. Kí ọdún náà tó parí, a dìbò yan Houphouët lọ sí ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin ní Paris. Nígbà yìí ni ó fi «Boigny» kún orúkọ rẹ̀, èyí tí ó túmọ̀ sí àgbò ní èdè Baoulé.

Òfin tí ó dúró

Ní ọjọ́ 11 oṣù kẹrin ọdún 1946, ilé ìgbìmọ̀ náà fọwọ́ sí òfin tí ó mú wá. Òfin náà kúrú púpọ̀. Kò ju pé a fòpin sí iṣẹ́ túláàsì pátápátá ní gbogbo àwọn ilẹ̀ tí ó wà lábẹ́ Faransé ní òkè òkun. Ẹ wo bí ọ̀rọ̀ kékeré ti lè gbé ẹrù ńlá. Kì í ṣe Côte d'Ivoire nìkan ni ó gbà sílẹ̀: láti Senegal títí dé Dahomey, títí dé Congo, ni ó tàn dé.

Mo bẹ̀ yín kí ẹ dúró díẹ̀ níbí, nítorí pé níbí ni mo gbà pé ìdáhùn ìbéèrè wa wà. Kí òfin yìí tó dé, àwọn tí a kó wá sí etí òkun ń wá bí ẹlẹ́wọ̀n, èrò ọkàn wọn kò sì ju bí wọn yóò ti sá padà sí ilé lọ. Ẹni tí ó ń wá ọ̀nà àtisá kì í gbin igi ọsàn sí ẹ̀yìnkùlé. Lẹ́yìn òfin náà, àwọn ènìyàn láti Haute-Volta kò dẹ́kun wíwá. Reluwé tí ó dé Ouagadougou ní 1954 ń kó wọn bọ̀ púpọ̀púpọ̀. Ṣùgbọ́n ọ̀tọ̀ ni bí wọ́n ti ń bọ̀ nísinsin yìí. Ọkùnrin tí ó fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ wá lè ránṣẹ́ pe ìyàwó rẹ̀, ó lè ra iyanrìn, ó lè kọ́lé. Agbára ni ó la ọ̀nà reluwé, ṣùgbọ́n òmìnira ni ó sọ àgọ́ òṣìṣẹ́ di ìlú.

Ìjà àti àdéhùn

Ní ọdún 1946 kan náà ni wọ́n dá ẹgbẹ́ òṣèlú PDCI sílẹ̀, àti ẹgbẹ́ RDA ní Bamako fún àwọn ilẹ̀ Faransé ní Áfríkà. Ìjọba Faransé kò fẹ́ wọn, pàápàá nítorí pé wọ́n bá àwọn Kọ́múnísì ṣe pọ̀ ní Paris. Ní 1949, a ti àwọn aṣáájú ẹgbẹ́ mọ́lé ní Grand-Bassam. Bernard Dadié, ọmọ Gabriel Dadié, tí ó di òǹkọ̀wé olókìkí, jẹ́ ọ̀kan nínú wọn. Ní oṣù kejìlá ọdún náà, àwọn obìnrin gbéra lọ sí Grand-Bassam láti béèrè fún ìtúsílẹ̀ wọn. Marie Koré wà lára àwọn tí orúkọ wọn kò parẹ́ nínú ìtàn náà. Àwọn ọlọ́pàá da omi lù wọ́n, wọ́n sì fi igi lù wọ́n, ṣùgbọ́n gbogbo ayé gbọ́. Olùkọ́ tí ó bá ka ìgbésí ayé Houphouët láìdárúkọ àwọn obìnrin wọ̀nyí ti fi ìdajì ìtàn sílẹ̀.

Ní 1950, lẹ́yìn tí a ti ta ẹ̀jẹ̀ sílẹ̀ ní Dimbokro àti ní ibòmíràn, Houphouët já kúrò lẹ́yìn àwọn Kọ́múnísì ó sì bá ìjọba Faransé ṣe àdéhùn. Àwọn kan pè é ní ọgbọ́n, àwọn kan pè é ní ọ̀dàlẹ̀. Ohun tí ó dájú ni pé ọ̀nà ṣí fún un láti ìgbà náà. Ní oṣù kejì ọdún 1956, ó di mínísítà ní Paris. Ní oṣù kọkànlá, lẹ́yìn tí òfin ti fún Abidjan ní ìgbìmọ̀ ìlú tí ó ní agbára kíkún, ó di maire. Ìlú tí ó gbà ti ju 100,000 ènìyàn lọ. Àwọn òyìnbó ń gbé ní Plateau, àwọn ọmọ Áfríkà ń gbé ní Treichville àti Adjamé, ọ̀sà sì wà láàárín Plateau àti Treichville. Ní ọdún 1957 ni a parí afárá ńlá tí ó so wọ́n pọ̀, èyí tí ó ń jẹ́ orúkọ rẹ̀. Afárá náà ni àwọn ará Koumassi ń gbà lọ sí Plateau títí tí a fi kọ́ èkejì ní 1967.

Ọdún 1958

Àwọn ọmọ Dahomey, tí í ṣe Bénin lónìí, àti àwọn ọmọ Tógò ti ń kàwé Faransé ṣáájú ọ̀pọ̀ ènìyàn. Ìjọba òyìnbó sì kó wọn wá sí Abidjan láti ṣe akọ̀wé, olùkọ́ àti òṣìṣẹ́ ilé ìtajà. Ní oṣù kẹwàá ọdún 1958, àwọn ọ̀dọ́ ìlú dìde sí wọn pé wọ́n gba iṣẹ́ mọ́ àwọn lọ́wọ́. Wọ́n fọ́ ilé, wọ́n kó ẹrù, wọ́n lu ènìyàn. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún ni ó sì wọ ọkọ̀ padà sí Cotonou àti Lomé láìmú nǹkan lọ́wọ́. Dahomey yìí ni ilẹ̀ Kétu àti Ṣábẹ̀ẹ́ wà, nítorí náà ọ̀rọ̀ náà kàn wá.

Orí ìlú tí Houphouët jẹ́ maire fún ni èyí ti ṣẹlẹ̀. Mo rò pé ó kọ́ ẹ̀kọ́ kan níbẹ̀: bí a bá mú ìdè kúrò lẹ́sẹ̀ ènìyàn tí a kò sì fún un ní ibi tí yóò fi ìdí lé, ìlú kò tíì parí.

Ọ̀rọ̀ ẹnu àti òfin

Ní ọjọ́ 7 oṣù kẹjọ ọdún 1960, Côte d'Ivoire gba òmìnira, Houphouët sì di Ààrẹ. Ó fẹ́ kí àlejò wà, nítorí pé ó mọ̀ pé láìsí wọn kòkó kò ní pọ̀. Ní 1963 ó sọ ọ́ di mímọ̀ pé ẹni tí ó bá ro ilẹ̀ ni ilẹ̀ jẹ́ tirẹ̀. Ọ̀rọ̀ náà dùn, àwọn àgbẹ̀ sì gbà á gbọ́, wọ́n wọ inú igbó lọ. Láti ìparí àwọn ọdún 1970, Côte d'Ivoire ni ó ń mú kòkó jáde jù ní gbogbo àgbáyé. Ṣùgbọ́n a kò kọ ọ̀rọ̀ náà sínú òfin rí. Láàárín 1965 sí 1966, ó tún dábàá pé kí àwọn ọmọ Dahomey, Niger àti Haute-Volta tí ó wà níhìn-ín lè jẹ́ ọmọ orílẹ̀-èdè méjì. Àwọn ènìyàn rẹ̀ kọ̀ ọ́, ó sì mú un kúrò.

Èyí tí ó wà nínú òfin yàtọ̀ sí èyí tí ó wà lẹ́nu rẹ̀. Òfin ọmọ-onílẹ̀ ti ọdún 1961 sọ pé ọmọ tí a bí níhìn-ín kì í ṣe ọmọ Côte d'Ivoire bí bàbá àti ìyá rẹ̀ bá jẹ́ àlejò. Nígbà tí Houphouët wà láyé, ọ̀pọ̀ ènìyàn kò ka ìyẹn sí ohun bàbàrà, nítorí pé àbò rẹ̀ bò wọ́n. Ó kú ní ọjọ́ 7 oṣù kejìlá ọdún 1993. Ní 1994, òfin ìbò mú àlejò kúrò nínú àwọn tí ó lè dìbò. Ní 1998, òfin ilẹ̀ oko sọ pé ọmọ Côte d'Ivoire nìkan ni ó lè ní ilẹ̀ oko. Ìjà ta ni onílẹ̀ ta ni àlejò wà lára ohun tí ó fa ogun tí ó bẹ̀rẹ̀ ní 2002. Gbogbo ènìyàn wá rí i nígbà náà pé agboòrùn ni a wà lábẹ́ rẹ̀, a sì ti rò pé òrùlé ni. Agboòrùn a máa bá ẹni tí ó dì í mú lọ.

Òfin ọdún 1946 ńkọ́? Ó ṣì wà. Láti ìgbà náà títí di òní, kò sí ìjọba kan ní Abidjan tí ó tún ní ẹ̀tọ́ láti ránṣẹ́ sí abúlé pé kí a kó ọkùnrin wá fún iṣẹ́ túláàsì.

Ó yẹ kí a sọ èyí tí ó kù láìfi pamọ́. Láti òmìnira títí di 1990, ẹgbẹ́ òṣèlú kan ṣoṣo ni ó wà. Láàárín 1963 sí 1964, a ti ọ̀pọ̀ nínú àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ àtijọ́ mọ́lé lórí ẹ̀sùn ọ̀tẹ̀, a sì dá àwọn tí ó yè láre lẹ́yìn ọdún púpọ̀. Ó na owó rẹpẹtẹ sórí Yamoussoukro, tí òfin sọ di olú-ìlú ní 1983. Ṣọ́ọ̀ṣì ńlá ibẹ̀ ni Póòpù John Paul Kejì yà sí mímọ́ ní oṣù kẹsàn-án ọdún 1990, nígbà tí owó kòkó ti já wálẹ̀ tí ìlú sì le. Ṣùgbọ́n títí di òní, Abidjan ni iṣẹ́ ìjọba àti òwò pọ̀ sí jù. Èyí pẹ̀lú jẹ́ ẹ̀kọ́: a lè fi owó kọ́ ilé, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ ènìyàn tí ó ń wọlé tí ó ń jáde ni ó ń sọ ilé di ìlú.

Bí a ṣe lè kọ́ ẹ̀kọ́ yìí

Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi, bí ẹ bá fẹ́ kọ́ ọmọ ní ìtàn ẹnikẹ́ni tí ó tẹ ìlú dó, mo dábàá ìbéèrè mẹ́ta. Kí ni ó bá nílẹ̀? Àwọn wo ni ó bá a ṣe é? Kí ni ó ṣẹ́kù lẹ́yìn rẹ̀, inú òfin ni ó sì wà tàbí ọwọ́ ènìyàn? Ẹ ya àwòrán erékùṣù Petit-Bassam sójú pátákó. Ẹ jẹ́ kí àwọn ọmọ fi ẹfun sàmì sí ọ̀sà, afárá, èbúté àti ilẹ̀ tí a dí. Lẹ́yìn náà kí wọ́n bèèrè ní ilé ọdún tí àwọn ẹbí wọn dé àti iṣẹ́ tí wọ́n kọ́kọ́ ṣe. Ṣùgbọ́n ẹ má ṣe béèrè níwájú kíláàsì pé ọmọ orílẹ̀-èdè wo ni ẹnìkan jẹ́, tàbí irú ìwé tí bàbá rẹ̀ ní. Olùkọ́ kò gbọdọ̀ sọ ọmọ kankan di àlejò lórí ìjókòó rẹ̀.

Ìbéèrè fún ìdánrawò

1. Kí ni ìtumọ̀ «remblai», kí sì ni orúkọ náà kọ́ wa nípa Koumassi Remblais?
2. Ọ̀nà méjì wo ni iṣẹ́ túláàsì gbà pa àgbẹ̀ ọmọ Áfríkà lára?
3. Kí ni àwọn obìnrin ṣe ní Grand-Bassam ní oṣù kejìlá ọdún 1949, kí sì ni ìdí rẹ̀?
4. Fi òfin ọdún 1946 wé ọ̀rọ̀ tí Houphouët sọ ní 1963. Èwo nínú méjèèjì ni ó dúró, èé sì ti ṣe?
5. Yan ìlú kan tàbí àdúgbò kan ní ilẹ̀ rẹ tí ó dìde ní ayé ìjọba òyìnbó. Dárúkọ ènìyàn mẹ́ta, yálà olókìkí tàbí aláìlókìkí, tí o lè pè ní olùdásílẹ̀ rẹ̀, kí o sì sọ ìdí tí o fi yan ọ̀kọ̀ọ̀kan.